Pé Ó Ń Ṣiṣẹ́ Yàtọ̀ sí Pé Kò Lè Ṣìṣe

Ẹ̀yin ará Ìkẹjà, mo kí yín. Ẹ̀yin ará Agége, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọba Àkran, ní Ògbà, ní Agídíngbí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀tígbà, ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, ajé á wọgbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé búrẹ́dì gbígbóná jáde nínú ààrò, ẹ kú iná. Ẹ̀yin awakọ̀ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ká mọ́ Pen Cinema, ẹ rọra, ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo wa.

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ ra ọjà. Ẹ mú káàdì yín jáde. Ọlọ́jà tì í bọ POS. Ẹ tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ẹ̀rọ ń yí. Ó ń yí. Ó ń yí. Nígbà tó yá, ó ní òun kò rí owó gbà. Ṣùgbọ́n fóònù yín ti dún nínú àpò. Báǹkì ní owó ti jáde. Ọlọ́jà ní òun kò rí kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ń búra pé ẹ ti sanwó. Ta ló ń parọ́?

Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan rán sí èkejì sọnù lójú ọ̀nà. POS ránṣẹ́ sí báǹkì pé kí ó yọ owó. Báǹkì yọ ọ́. Báǹkì ránṣẹ́ padà pé òun ti yọ ọ́. Ìyẹn ni kò dé. POS dúró títí, ó sú u, ó ní kò bọ́ sí i. Ó yẹ kí ó tún ránṣẹ́ kejì pé kí báǹkì dá owó náà padà. Bí ìyẹn náà bá sọnù ńkọ́? Kí báǹkì tún dáhùn pé òun ti gbọ́? Bí ìdáhùn yẹn náà bá sọnù ńkọ́? Láti nǹkan bí ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ti fi ìṣirò hàn pé, bí ọ̀nà bá lè gbé iṣẹ́ sọnù, kò sí iye ìgbà tí ẹni méjì lè ránṣẹ́ síra wọn tí àwọn méjèèjì á fi mọ̀ dájú pé àwọn ti fohùn ṣọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí báǹkì fi gbọ́dọ̀ jókòó ti ìwé ìṣirò lẹ́yìn ọjà, kí ó tó rí owó yín dá padà.

Ohun tí mo gbé wá lónìí nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ wa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. POS ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. Fóònù ń bá òpó sọ̀rọ̀. Ráútà ń bá ráútà sọ̀rọ̀. Ìlànà kan sì wà tí wọ́n ń tẹ̀lé. Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Kí ni èkejì yóò fi dáhùn? Ìgbà wo ni ẹni tó ń dúró yóò gbà pé ìdáhùn kò ní í wá mọ́? Ènìyàn ló jókòó kọ ìlànà wọ̀nyí. Àṣìṣe sì lè wà nínú ohun tí ènìyàn kọ. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó wà tàbí kò sí?

Ọ̀pọ̀ wa á dáhùn pé: a dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn kò tó. Pé ó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí pé kò lè ṣìṣe. Mo tún un sọ o. Pé ó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí pé kò lè ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó wa níbí. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2018. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. Lójijì, káàkiri àgbáyé, àwọn ènìyàn ń wá Google, wọn kò rí i. Ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ilé-iṣẹ́ tó ń lo lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti Google, iṣẹ́ wọn dúró. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lọ tààrà sọ́dọ̀ Google ń gba Rọ́ṣíà kọjá. Ó ń forí lé Ṣáínà. Ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Kíá, ariwo ta. Àwọn kan ní olè ni. Àwọn kan ní amí ni.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀? Èkó ni. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ MainOne.

Ẹ má ṣe ṣi mí gbọ́. MainOne kì í ṣe ilé-iṣẹ́ jẹgúdújẹrá. Funke Opeke, ọmọbìnrin wa tó kàwé ní Ifásitì Ifẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Òun ló fa wáyà abẹ́ òkun láti Pọtogí wá sí Èkó, tó gúnlẹ̀ ní ọdún 2010. Iṣẹ́ akọni ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tún ètò ráútà wọn ṣe. Àtúnṣe tí wọ́n ti gbèrò tẹ́lẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe kékeré kan ti wọlé.

Báwo ló ṣe rí? Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan máa ń polongo fún aládùúgbò rẹ̀ pé: àwọn àdírẹ́sì báyìí báyìí, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, ẹ gba ọ̀dọ̀ mi. Ìlànà tí wọ́n fi ń polongo yìí ni wọ́n ń pè ní BGP. Google àti MainOne ń pàdé ní Èkó, ní ibùdó IXPN, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. Google fi ọ̀nà ara rẹ̀ han MainOne, fún MainOne àti àwọn oníbàárà rẹ̀ nìkan. Kò ní kí ó kéde rẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n asẹ́ tó yẹ kó dá ìkéde náà dúró kò dúró bó ṣe yẹ. Ráútà MainOne yíjú sí China Telecom, ó ní: Google ni? Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi. China Telecom gbà á gbọ́. China Telecom sọ fún TransTelecom ti Rọ́ṣíà. TransTelecom náà gbà á gbọ́. Ó ju igba agbo àdírẹ́sì Google lọ tí wọ́n kéde bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́rin ni MainOne fi tún un ṣe. Wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn ni, àṣìṣe ni, kì í ṣe olè, kì í ṣe amí. Mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ìbá dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, èwo ló rú òfin BGP? Kò sí. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ìlànà ní kí aládùúgbò gba aládùúgbò gbọ́, wọ́n sì gbà á gbọ́. Ọdún 1989 ni Yakov Rekhter àti Kirk Lougheed ya àbá ìlànà yìí sórí bébà ìnuwọ́, níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán ní Texas. Nígbà náà, íntánẹ́ẹ̀tì kéré, àwọn tó wà lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Wọn kò rò pé ayé á kún báyìí.

Ìbéèrè mìíràn rèé. Bí onímọ̀-ẹ̀rọ kan bá ṣe irú àtúnṣe yẹn, tó sì jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ láti dán an wò, kí ni yóò rí? Ráútà ń tan iná. Google ń ṣí. Fídíò ń ṣeré. Gbogbo rẹ̀ pé. Àṣìṣe náà kò sí nínú ọ́fíìsì. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló wà, níbi tí ojú ẹni tó ń dán an wò kò dé. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn: pé ó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí pé kò lè ṣìṣe.

Kí wá ni ṣíṣe?

Àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n ti fi ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí. Wọn kì í dán ìlànà wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n á kọ ìlànà náà sílẹ̀ bí ìṣirò. Wọ́n á kọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wá ní kí kọ̀ǹpútà tọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà lọ, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ó wò ó bóyá ọ̀kan wà tó já sí ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ta ayò, èyí á tètè yé yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ayò á rí ilé tó kún, á kó o, inú rẹ̀ á dùn. Ọ̀ta, ìyẹn ògbógi nínú ayò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta á dákẹ́. Á máa kà á nínú. Bí mo bá ta ilé yìí, kí ló lè fi dáhùn? Bí ó bá fi èyí dáhùn, níbo ni ọmọ ayò mi á wà? Bí ó bá fi tọ̀hún dáhùn ńkọ́? Ohun tí ọ̀ta ń ṣe fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kọ̀ǹpútà lè ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbésẹ̀. Kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Kì í fojú fo èyí tó dà bí ẹni pé kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó jọ mí lójú púpọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1978, ọ̀mọ̀wé méjì, Roger Needham àti Michael Schroeder, gbé ìlànà kan jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹni méjì tí kò rí ara wọn lè mọ̀ dájú pé àwọn ń bá ẹni tí àwọn rò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni méjì náà ní Àlàbá àti Bọ́lá. Àlàbá wà ní Agége. Bọ́lá wà ní Ìkẹjà. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ síra wọn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà ní títì pa, ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àlàbá á kọ̀wé: Èmi Àlàbá ni, ọ̀rọ̀ àṣírí mi nìyí. Bọ́lá á dáhùn: Mo rí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ, òun nìyí, tèmi náà nìyí. Àlàbá á dá ti Bọ́lá padà: Mo rí tìrẹ. Ó parí. Àlàbá gbà pé Bọ́lá ni, nítorí Bọ́lá nìkan ló lè ṣí lẹ́tà àkọ́kọ́. Bọ́lá gbà pé Àlàbá ni, nítorí Àlàbá nìkan ló lè ṣí lẹ́tà kejì.

Ṣé ẹ rí ibi tó ti jò? Ẹ rò ó. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé wò ó fún ọdún mẹ́tàdínlógún, wọn kò rí nǹkan kan. Àwọn kan tiẹ̀ ti fọwọ́ sọ̀yà pé ó pé.

Ẹ jẹ́ kí gbájúẹ̀ dé. Gbájúẹ̀ yìí kò fọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ bí ọmọlúàbí. Lọ́jọ́ kan, Àlàbá fẹ́ bá a ṣòwò, ó sì kọ̀wé sí i: Èmi Àlàbá ni, ọ̀rọ̀ àṣírí mi nìyí. Gbájúẹ̀ ṣí i, torí òun la kọ ọ́ sí. Ó tún un tì, ó darí rẹ̀ sí Bọ́lá. Bọ́lá ṣí i, ó rí i pé Àlàbá ló ń kí òun. Bọ́lá dáhùn, ó fi ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ sí i, ó tì í fún Àlàbá. Gbájúẹ̀ gbà á lójú ọ̀nà. Kò lè ṣí i. Kò sì bìkítà. Ó gbé e fún Àlàbá bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Àlàbá ṣí i, ó rí ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ nínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó yọ ọ̀rọ̀ àṣírí kejì jáde, ó fi ránṣẹ́ sí gbájúẹ̀, torí gbájúẹ̀ ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó tán. Gbájúẹ̀ ti mọ àṣírí méjèèjì. Ó yíjú sí Bọ́lá, ó ní èmi Àlàbá ni. Bọ́lá gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ wo bó ṣe rí. Kò jí kọ́kọ́rọ́. Kò fọ́ àpótí. Àlàbá fúnra rẹ̀ ló ṣí àṣírí fún un, láìmọ̀.

Ọdún 1995 ni Gavin Lowe, ní Oxford, tú àṣírí yìí. Nígbà tó di 1996, ó fi hàn pé kọ̀ǹpútà lè rí i fúnra rẹ̀, bí a bá ti kọ ìlànà náà sílẹ̀ bí ìṣirò, tí a sì fi gbájúẹ̀ sínú ìṣirò náà. Kí sì ni àtúnṣe? Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Kí Bọ́lá fi orúkọ ara rẹ̀ sínú lẹ́tà kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Àlàbá bá ṣí i, tó rí orúkọ Bọ́lá níbi tó ti ń retí orúkọ gbájúẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Orúkọ kan ṣoṣo ni kò sí nínú ìlànà yẹn fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ẹ̀rọ tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé ìlànà tí ènìyàn kọ. A ní ìdánwò nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá ìlànà náà dára. A ní pé ó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí pé kò lè ṣìṣe. A sì ní ọ̀nà wà láti tọ gbogbo ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé kí a tó gbé ẹ̀rọ síta.

Ǹjẹ́ ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2024? Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mítà prepaid, ẹ ó rántí. Ikeja Electric kéde kiri. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Nàìjíríà kéde kiri. Wọ́n ní kí a tẹ kóòdù méjì sínú mítà kí ọjọ́ kẹrìnlélógún tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mítà kò ní í gba iná mọ́. Àwọn kan nínú wa rò pé owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Ní ìsọ̀ ìránṣọ, ní ilé ọlọ́lọ, gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn léèrè: kí ló dé gan-an?

Ohun tó dé rèé. Mítà wa àti ẹ̀rọ tó ń ta iná ní ìlànà tí wọ́n jọ ń tẹ̀lé. STS ni orúkọ rẹ̀, láti Gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Nínú ogún nọ́ńbà tí ẹ máa ń tẹ̀, ìṣẹ́jú tí a tẹ kóòdù náà jáde wà níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Òun ni mítà fi ń mọ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ tẹ kóòdù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú yẹn. Ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ní òpin. Ó máa kún lọ́jọ́ kan, á sì padà sí òdo. Bó bá ti padà sí òdo, kóòdù tuntun á dà bí ti àtijọ́ lójú mítà, mítà á sì kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó máa kún ni ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kóòdù méjì tí a tẹ̀ ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ inú mítà, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú láti ibòmíràn.

Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí ti alẹ́ ọdún 2018. Kò sẹ́ni tó ní láti dúró kí mítà kú kó tó mọ̀. Kí ló fà á? Ìlànà náà wà ní kíkọ kedere. Ẹni tó bá mọ ìṣirò lè jókòó, kó ka ọjọ́ tó máa kọṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Wọ́n kà á, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Bí wàhálà tiẹ̀ wà nínú kí a máa tẹ ogún nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, mo yàn án ju kí òkùnkùn bo gbogbo Agége lójijì lọ.

Ní ọdún 2018 kan náà, ní oṣù kẹjọ, ìlànà tuntun kan jáde tí ẹ̀yin náà ń lò lójoojúmọ́. TLS 1.3 ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ẹ bá ṣí báǹkì yín lórí fóònù, irú ìlànà yìí ló ń ti ọ̀rọ̀ yín pa kí gbájúẹ̀ má baà kà á. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé wọn kò dúró kí olè tó dé. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé àbá, àwọn olùwádìí gbé e sínú ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò bíi Tamarin àti ProVerif. Wọ́n rí ibi tó lè jò. Wọ́n dí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e jáde. Bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn.

N kò ní í tàn yín o. Ìṣàyẹ̀wò yìí kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Wi-Fi tó wà nílé yín àti ní ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n ti fi ìṣirò yẹ ìlànà rẹ̀ wò, wọ́n ní ó dára. Ní ọdún 2017, Mathy Vanhoef láti Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn pé gbájúẹ̀ ṣì lè wọlé. Ṣé ìṣirò àkọ́kọ́ parọ́ ni? Kò parọ́. Ìṣirò náà kò sọ ìgbà tí ẹ̀rọ yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni Vanhoef gbà. Ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò ń yẹ ohun tí a kọ fún un wò ni. Ohun tí a kò kọ, kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fún ọ̀lẹ.

Kí ló kàn wá ní Ìkẹjà àti Agége nínú gbogbo èyí? Ó kàn wá gan-an. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a tún ọ̀kan ṣe. Lónìí, ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ ń bá ilé ìkẹ́rù sọ̀rọ̀. Ilé ìkẹ́rù ń bá báǹkì sọ̀rọ̀. Bí ìlànà kan bá dojú rú, ọkọ̀ ẹrù tó wà lẹ́nu géètì ní Ọba Àkran kò lè jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ kankan tó bàjẹ́ tí a lè nàka sí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá gbé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún ẹnì kan, ẹ má kàn bi í pé ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi í pé: níbo lo kọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí? Báwo lo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò? Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ má tíì san owó tó kù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ọ̀tígbà, ẹ̀yin tí ẹ ń to ráútà fún ilé-iṣẹ́ àti ilé ìwé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ọwọ́ yín dá. Mo ti rí iṣẹ́ yín. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Batfish. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kò nílò kí ẹ fọwọ́ kan ráútà kankan. Ẹ gbé ìwé ètò ráútà yín fún un, á kà á. Ẹ wá bi í pé: ǹjẹ́ ọ̀nà kankan wà tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mi, tí ráútà mi máa polongo fún ẹni tí kò yẹ kó gbọ́? Bí ó bá wà, á mú un jáde fún yín. Irú ìbéèrè tó yẹ kí a bi ètò alẹ́ ọdún 2018 yẹn nìyẹn, kí a tó tẹ bọ́tìnì.

Àwọn tó ń ṣètọ́jú BGP náà kò sùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n gbé àfikún kan jáde, RFC 9234 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní kí ráútà méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà han ara wọn, kí kálukú kọ́kọ́ sọ ipò tó wà sí èkejì. Ṣé oníbàárà ni? Ṣé ẹgbẹ́ ni? Ṣé òun ló ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún èkejì? Bí ọ̀nà kan bá wá ń gba ibi tí kò yẹ, ráútà fúnra rẹ̀ á mọ̀, á sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tan án nìkan ló ń dáàbò bò. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ráútà, ẹ wo tiyín lónìí, bóyá ó ti mọ àfikún yìí. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ tan án. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín.